Gálérì Nike ní Lẹ́kì: ẹ mú ọmọ yín dání

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń fi èédú yàwòrán sára ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ẹ mú un lọ sí Gálérì Nike ní Lẹ́kì, l'Ékòó. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Àwòrán, ère àti aṣọ kún ibẹ̀ láti àjà kan dé òmíràn. Kò yẹ kéèyàn kánjú rárá.

Àdìrẹ ni mo fẹ́ràn jù. Màmá Nike Davies-Okundaye, tó dá gálérì náà sílẹ̀, tí wọ́n bí lọ́dún 1951 ní Ògìdì, ìpínlẹ̀ Kogí, tètè pàdánù ìyá wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá-ńlá òbí wọn, tó ń hun aṣọ, tó sì ń ṣe àdìrẹ, ni wọ́n dàgbà sí. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó nígbà náà ló bí gbogbo ohun tó wà lára ògiri yìí, lójú tèmi.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa: ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń tọ ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Ọmọbìnrin mi bi mí bí ẹyẹ orí aṣọ kan ṣe ń sùn. Mo ní kó yà á fún mi, ó sì yà á, tìyẹ́tìyẹ́.

Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kí ẹ sì mú ìwé àti pẹ́ńsù dání.