Ahab àti Starbuck: ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀

Nínú ìwé ìtàn àròsọ Moby-Dick tí Herman Melville tẹ̀ jáde ní 1851, ọkọ̀ kan náà tó ń dọdẹ àbùùbùtán, ẹja ńlá inú òkun, ni àwọn méjèèjì wà. Pequod ni orúkọ ọkọ̀ náà, àwọn méjèèjì ló sì fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nílé. Owó òróró àbùùbùtán ni Starbuck bá jáde. Kì í sì í gba ẹni tí kò bẹ̀rù àbùùbùtán sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ẹ̀san ẹsẹ̀ rẹ̀ tí Moby-Dick, àbùùbùtán funfun kan, gé jẹ ni Ahab ń lé ní tiẹ̀. Ó tilẹ̀ kan owó wúrà mọ́ òpó ọkọ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹja náà.

Àwọn kan a máa pe Ahab ní wèrè lásán. Ẹ ka orí 109 ná: òróró ń jò, Starbuck ní kí wọ́n dúró tún àgbá ṣe, Ahab na ìbọn sí i, ṣùgbọ́n ó padà gbà. Wèrè wo ló ń ṣírò báyẹn?

Starbuck ló ṣòroó dá lẹ́jọ́. Ní orí 123, ó gbé ìbọn yẹn gan-an nígbà tí Ahab ń sùn, ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó láyà níwájú ìjì àti ẹja. Níwájú ènìyàn tó ń bínú, àyà rẹ̀ já. Lọ́jọ́ kẹta ìlépa, okùn ọ̀kọ̀ Ahab fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́rùn wọ omi. Starbuck bá ọkọ̀ rì.