Aṣọ Balógun yẹ ayé Elizabeth ju ayé Henry lọ

Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ la wá ohun èlò rẹ̀ lọ sí ọjà Balógun: ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ funfun tí wọ́n fi òwú sẹ́dà dúdú ṣọnà sí lọ́rùn àti lọ́rùn-ọwọ́, irú èyí tó gbilẹ̀ láyé Ọba Henry Kẹjọ (1509 sí 1547). Aṣọ wà níbẹ̀, òwú wà. Aṣọ tí iye òwú òró (tó lọ lóòró) àti òwú ìbú (tó dábùú) rẹ̀ dọ́gba nínú 1 cm ni kò sí, ohun kan ṣoṣo yìí ló sì máa pinnu irú ọnà tí ẹ lè ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ti aṣọ. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń pè ní lílìnì níbẹ̀: òmíràn jẹ́ ọ̀gbọ̀ gidi, òmíràn jẹ́ kọ́tìnnì, òmíràn jẹ́ àdàlù pọlísítà tí wọ́n hun kókó-kókó kó lè jọ ọ̀gbọ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ bẹ ìyá aláṣọ kó gé díẹ̀ fún yín létí aṣọ, ẹ mú un jìnnà sí ìsọ̀, ẹ tú òwú òró lọ́tọ̀, ẹ tú ti ìbú lọ́tọ̀, kí ẹ wá ṣáná sí méjèèjì. Èyí tó bá yọ́, tó di kókó dúdú líle, pọlísítà ni. Èyí tó bá jó bíi bébà, tí eérú rẹ̀ rọ̀, lè jẹ́ ọ̀gbọ̀ tàbí kọ́tìnnì. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ láìjó, torí àdàlù kan wà tó jẹ́ pé òwú ìbú rẹ̀ nìkan ni pọlísítà. Láti mọ ọ̀gbọ̀ yàtọ̀ sí kọ́tìnnì, ẹ tú òwú kan títí tí yóò fi di irun: irun kọ́tìnnì kúrú, kò sábà ju 3 cm lọ; irun ọ̀gbọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Yáàdì mẹ́ta aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 60 tó fún ẹ̀wù àgbàlagbà kan. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé sísọ́ọ̀sì sí i, torí ọ̀gbọ̀ tuntun máa ń sún kì. Ara ẹ̀wù: 85 cm ní ìbú, 200 cm ní gígùn, tí a ṣẹ́ po léjìká. Apá méjì: 60 cm sí 55 cm. Ọrùn: 42 cm sí 12 cm. Ọrùn-ọwọ́ méjì: 24 cm sí 10 cm. Ẹ fi onígun mẹ́rin kéékèèké méjì tó jẹ́ 15 cm kún un fún abẹ́ apá. Ẹni tó bá fo èyí, abẹ́ apá ni ẹ̀wù rẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ ya. Kò sí ibi tí a gé ní kọdọrọ nínú gbogbo rẹ̀, bíi ti bùbá, télọ̀ tó bá mọ bùbá gé kò ní wò ó títí.

Ọ̀rọ̀ dé orí ọnà. Ní ayé Henry, kíkà ni wọ́n ń ka òwú aṣọ láti fi ṣe é. Abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ lọ, á máa fo àlàfo kan sílẹ̀ láàárín ìrán kan sí èkejì; tó bá ń padà bọ̀, á di àwọn àlàfo náà. Iwájú àti ẹ̀yìn á wá rí bákan náà, èyí tó ṣe pàtàkì lọ́rùn-ọwọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń hàn. Orúkọ Hans Holbein ayàwòrán ni wọ́n fi ń pe ìrán náà lónìí. Ó hàn lọ́rùn-ọwọ́ nínú àwòrán Jane Seymour, ìyàwó Ọba Henry, tí Holbein yà ní nǹkan bí 1536, tó wà ní Vienna. Ẹ wá fi rúlà lé aṣọ tí ẹ rà. Bí òwú òró bá jẹ́ 12 nínú 1 cm, tí ti ìbú jẹ́ 15, ọnà bí ìràwọ̀ tó gba òwú 40 lóòró àti níbùú yóò jẹ́ 3.3 cm lápá kan, 2.7 cm lápá kejì. Bí ẹ bá gé ọrùn ní òró, tí ẹ gé ọrùn-ọwọ́ ní ìbú, ọ̀kan á tẹ́, èkejì á gùn, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á rí i. Ẹni tó bá fẹ́ kà á dandan, kó gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan náà.

Ohun tí a fọwọ́ sí jùyẹn lọ ni pé kí ẹ sún ẹ̀wù yín síwájú sí ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní (1558 sí 1603), nígbà tí ìtàkùn, ewé àti òdòdó tí wọ́n yà sórí aṣọ gba ipò. Ìyẹn kò béèrè aṣọ tó dọ́gba. Ẹ ya ọnà sórí bébà, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ojú ìlà rẹ̀, ẹ fi ìyẹ̀fun èédú nù ún lórí kó jò sára aṣọ, kí ẹ wá fi pẹ́ńsù tó mú ṣánṣán tọ̀ ọ́. Ẹ má fi báírò ṣe é, yóò ràn nígbà fífọ̀.

Òwú tí wọ́n ń pè ní sílíkì ní ìsọ̀ ohun èlò télọ̀, yálà ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Tejúoṣó ní Yábà, sábà máa ń jẹ́ réyọ̀n tàbí pọlísítà tó ń dán. Bí ẹ bá ṣáná sí i, sẹ́dà gidi a máa rùn bí irun tó jóná. Réyọ̀n a máa rùn bíi bébà. Réyọ̀n a máa yọ̀, a sì máa ta kókó, a kò gbà yín níyànjú láti rà á. Ẹ ra kọ́tìnnì onífọ́nrán mẹ́fà: ti ilé-iṣẹ́ DMC, nọ́ńbà 310 ni dúdú, ìdì kan jẹ́ 8 mítà, ìdì mẹ́ta sì tó. Fọ́nrán kan fún inú ewé, méjì fún etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́dà dúdú ayé ìgbà náà ti jẹ dànù lára aṣọ, nítorí irin tí wọ́n fi rẹ ẹ́; kọ́tìnnì yìí kò ní irú àìsàn yẹn. Síbẹ̀, ẹ rẹ díẹ̀ sómi, ẹ fi í sáàárín aṣọ funfun, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rí i bóyá ó ń ṣí àwọ̀.

Fún rírán ara ẹ̀wù, òwú kọ́tìnnì tí ẹ fi ìda oyin pa dára. Ìda àbẹ́là kò ṣeé lò, ó máa ń ṣí wẹ́wẹ́. Abẹ́rẹ́ pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹnu rẹ̀ kò mú, nọ́ńbà 26, tí wọ́n fi ń ka òwú, ṣọ̀wọ́n. Ẹ má gún abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sára iṣẹ́ mọ́jú: pẹ̀lú ọ̀rinrin Èkó àti òógùn ọwọ́, yóò dípẹtà, ojú ìpẹtà kì í sì í fẹ́ kúrò lára ọ̀gbọ̀ funfun.