Ìkòkò amọ̀ tàbí ìkarahun òkun: èwo ló yẹ táǹkì ẹja yín?

Owó kékeré ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe sí omi kò dọ́gba rárá.

Ìkòkò amọ̀ tí wọn ò kùn lọ́dà kì í yí omi padà. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹja á rí ibi sá pamọ́ sí. Èyí tó ń dán ni kẹ́ ẹ sá fún: ohun tí wọ́n fi kùn ún lè ní òjé tàbí bàbà nínú, bàbà díẹ̀ sì ti tó láti pa edé àti ìgbín inú táǹkì. Èyí tí wọ́n ti gbin òdòdó sí rí ńkọ́? Ẹ má lò ó, torí amọ̀ máa ń fa ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò mu.

Ìkarahun òkun lẹ́wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ èròjà òkúta ẹfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó ṣe ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni omi ń le sí i, ìyẹn ni pé èròjà ẹfun ń pọ̀ nínú rẹ̀, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe ga tó ni kíkan rẹ̀ ń dín kù) ń gòkè. Neon tetra, ẹja agbègbè odò Amazon tó fẹ́ pH bíi 6 sí 7, kò ní gbádùn irú omi bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹja adágún Tanganyika, ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní tiwọn fẹ́ràn omi líle. Kódà, inú ìkarahun ìgbín ni àwọn kan ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yé sí. Tiwọn nìkan ni mo lè torí ẹ̀ mú ìkarahun. Fún ẹja yòókù, ìkòkò amọ̀ ni.

Bí òkúta tàbí ìkarahun kan bá ń kọ yín lóminú, ẹ kán fínégà sí i: bó bá hó, ẹfun wà níbẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ fọ èyíkéyìí o, omi gbígbóná nìkan.