Golf 3 mi: gílóòbù kò bàjẹ́, ebi ló ń pa iná iwájú

Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ló jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí iná mọ́tò mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó kọjá Ìkirè, òjò sì ń ṣẹ́ wẹ́liwẹ́li. Mo tan dímù, àfi bí ẹni gbé àtùpà síwájú mọ́tò. Nígbà tí mo sún mọ́ Aṣèjìrè, ọkùnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́bàá títì. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí n kàn án ni mo tó rí i. Mo dúró síbi kan fún ìgbà díẹ̀ kí àyà mi tó balẹ̀.

Golf 3 ni mọ́tò náà, ti ọdún 1996, tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé. Olójú kan ni iná rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, gílóòbù H4 ló ń lò, èyí tó ní dímù àti fúlù nínú ẹyọ kan. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n ra LED. Mo rà á, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì yọ ọ́. Ó tàn yòò nítòsí bọ́nẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀nà jíjìn tí ojú mi ń wá, àwọn tó ń bọ̀ níwájú sì ń tan fúlù sí mi léraléra nítorí ó ń gún wọn lójú. Ibi tí okùn tó ń tàn nínú gílóòbù H4 máa ń wà ni wọ́n wọn díńgí inú iná yẹn fún. LED tí mo rà kò jókòó sí ojú ibẹ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ wá fọ́n káàkiri.

Ríwáyà àdúgbò wa ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù yín kò ṣe nǹkan kan, ebi ló ń pa á." Ó sọ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó fi mítà wo bátìrì: fóòtì 13.8. Ó fi wo ẹ̀yìn gílóòbù: 11.4. Nínú Golf yìí, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tí iná iwájú ń lò máa ń ti bátìrì lọ sí súìṣì inú mọ́tò, á gba ọwọ́ tí a fi ń yí dímù sí fúlù, kó tó padà wá síwájú. Gílóòbù oníwáàtì 55 méjì ń mu bí ámpù 9, wáyà tó ti gbó àti súìṣì tó ti dúdú lẹ́nu sì ń jẹ nínú rẹ̀ lọ́nà. Gílóòbù halogen kì í sì í fara mọ́ ìyẹn rárá: bí fóòtì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ tó máa lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Lórí tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ohun tó wò ó sàn ni relay, súìṣì kékeré tí kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ ń jí kó lè fi kọ́rẹ́ǹtì ńlá ránṣẹ́. Ládípọ̀ ní Múṣín ni mo ti ra ìdìpọ̀ wáyà rẹ̀, ₦17,000. Relay méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlù. Ihò gílóòbù méjì tó lè gba ooru, ilé fúúsì kan, wáyà áàtì (èyí tí a ń dè mọ́ irin ara mọ́tò) tó ní òrùka lẹ́nu, àti orí kan tó máa wọ inú ihò àtijọ́. Orí yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí kò sí wáyà mọ́tò kankan tí ẹ máa gé. Ẹ yọ ihò àtijọ́ lẹ́yìn gílóòbù òsì, ẹ ki orí yìí bọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà, wáyà àtijọ́ kò ru ẹrù mọ́, kó jí relay ni iṣẹ́ tó kù fún un. Relay ló ń gba kọ́rẹ́ǹtì tààrà lórí bátìrì fún gílóòbù. Bátìrì tèmi sì wà lẹ́yìn iná òsì gan-an, nítorí náà wáyà ibẹ̀ kò gùn.

Ẹ má kàn gbé e wọ̀ bó ṣe ti inú páálí jáde o. Mo bẹ wáyà pupa tó ń ti bátìrì wá wò: ọ̀rá rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n kọ́pà inú rẹ̀ tínrín. Mo yọ ọ́, mo fi wáyà kọ́pà 4 mm² rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé fúúsì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣọ́ dímù àti fúlù pọ̀. Bó bá já lóru, ní eré ọgọ́rin, iwájú yín á ṣókùnkùn biribiri. Fúúsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Volkswagen fúnra wọn fún iná ọ̀tún àti òsì. Mo ra ilé fúúsì kejì, relay kọ̀ọ̀kan ní ti ara rẹ̀, ámpù 20. Bí ọ̀kan bá já, màá fi èkejì délé.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni mo fi ṣe é láàárọ̀ Sátidé. Sípánà 10 ni mo fi kọ́kọ́ tú orí òdì (nẹ́gátífù) bátìrì. Mo dojú ẹsẹ̀ relay kọlẹ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́, mo sì so wáyà jìnnà sí fáànù. Nígbà tí mo tan án, òsì mọ́lẹ̀ kedere, ọ̀tún sì pọ́n bí ẹyín iná. Àṣé orí ọ̀dà ni mo de òrùka áàtì mọ́. Mo ha ibẹ̀ títí irin fi hàn, mo dè é padà, mo fi gírísì bò ó. Ó tàn.

Mítà sọ 13.3 lẹ́yìn gílóòbù, oníwáàtì 60/55 (fúlù 60, dímù 55) kan náà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbé mọ́tò dojú kọ ògiri ní mítà 10, mo sì rẹ dímù sílẹ̀ títí òkè rẹ̀ fi wà ní sẹ̀ntímítà 10 sísàlẹ̀ àárín iná, nítorí àwọn tó ń bọ̀ níwájú.

Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí, òjò sì ti pa á dáadáa. Súìṣì tó máa ń gbóná tẹ́lẹ̀ ti tutù. Mo ti gba Aṣèjìrè kọjá lóru lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì ń rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kí n tó sún mọ́ ọn rárá. Bí Golf tiyín bá jẹ́ olójú méjì, tó ní gílóòbù méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdìpọ̀ yìí kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà fi relay àti wáyà gidi ṣe tiyín lọ́tọ̀.