Ilé Ìtọ́jú Kékeré Inú Fámásì ní Amẹ́ríkà: Ohun Tí Mo Rí Níbẹ̀, àti Ìgbà Tí Ẹ Kò Gbọ́dọ̀ Yà Síbẹ̀

Maryland ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo sì bí àwọn ọmọ mi sí. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò bá yá, ilé ìtọ́jú kékeré tó wà nínú fámásì àdúgbò wa ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń bi mí bóyá ibẹ̀ ṣeé fọkàn tán, torí lójú wọn, ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ àti bisikíìtì kò lè jẹ́ ibi ìwòsàn. Ó ṣeé fọkàn tán, fún iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an, ìyẹn ibà (malaria), tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé lọ síbẹ̀, òun gan-an ló sì mú mi kọ èyí.

Irú ilé ìtọ́jú yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé ìtajà oúnjẹ ní ìpínlẹ̀ Minnesota. QuickMedx ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó wá di MinuteClinic, CVS, ilé iṣẹ́ fámásì ńlá kan, sì rà á ní 2006. Kì í ṣe dókítà lẹ máa bá níbẹ̀. Nurse practitioner ni, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó tún padà lọ kàwé sí i ní yunifásítì, tí òfin fún láṣẹ láti yẹ aláìsàn wò kó sì kọ oògùn fún un. Ẹ má fojú kéré wọn. Àwọn tí mo ti bá pàdé níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ mi ju ọ̀pọ̀ dókítà tí mo mọ̀ lọ.

Ọ̀fun dídùn ló máa ń gbé wa lọ jù. Ọmọ mi obìnrin á ti ilé ìwé dé, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní lè gbé itọ́ mì. Ẹ lè ti ilé gba àkókò lórí fóònù. Bí ẹ bá sì kàn wọlé, ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ó ti tẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ohun tó ń ṣe yín. Ẹ ó wá jókòó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n to fítámì sí. Yàrá náà kéré. Nọ́ọ̀sì á wo bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, á fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ láti mọ̀ bóyá kókó ti so níbẹ̀, á sì béèrè bóyá ó ń wúkọ́. Ẹ má fi ìbéèrè ikọ́ yẹn ṣeré o. Strep, bakitéríà tó máa ń mú ọ̀fun, kì í sábà mú ikọ́ dání, ṣùgbọ́n òtútù lásán máa ń mú un dání. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òwú orí igi tín-ín-rín nu ẹ̀yìn ọ̀fun rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí èsì á fi jáde. Bí ó bá jẹ́ strep, amoxicillin ọjọ́ 10 ni wọ́n sábà máa ń kọ, wọ́n á sì ti orí kọ̀ǹpútà fi ránṣẹ́ sí apoògùn tó wà nínú ilé kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lò ó tán, bí ó tilẹ̀ ti ń sáré kiri ní ọjọ́ kẹta, nítorí strep tí a kò tọ́jú dáadáa lè padà wá ba ọkàn-àyà ọmọ jẹ́. Bí èsì ìkíákíá bá sọ pé kò sí strep lára ọmọdé, ẹ béèrè bóyá wọ́n á fi òwú náà ránṣẹ́ sí láàbù fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ sí i. Ó yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń bínú nìyí: bí kì í bá ṣe strep, wọn kì í kọ antibiotic, oògùn tó ń pa bakitéríà, fún yín. Nílé, ẹ kàn máa dé ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì ni, ẹ ní ọ̀fun ń dùn yín, wọ́n á sì fi Ampiclox lé yín lọ́wọ́. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fárígá pé òun sanwó, omi iyọ̀ àti ìsinmi ni wọ́n ní kí òun lọ lò. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀pọ̀ ọ̀fun dídùn, antibiotic kò sì rí nǹkan kan ṣe sí fáírọ́ọ̀sì. Bí a bá ń lò ó lásán, àwọn bakitéríà á mọ̀ ọ́n lára, kò sì ní ràn wá lọ́wọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gidi.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìbàdàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì tán kí ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé tó pé. Wọn kò ní inṣọ́ránsì, dókítà tiwa kò sì ní àyè fún aláìsàn tuntun. Nọ́ọ̀sì tó pè wá wọlé kéré lọ́jọ́ orí, orúkọ àbísọ ló sì fi pè wọ́n. Màmá dákẹ́, wọ́n wò mí.

“Màmá, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn.”

“Mo gbọ́, ìyàwó mi. Ṣáà sọ fún un kó máa pè mí ní Màmá.”

Mo sọ fún un, ó sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí a fi jáde. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó yẹ páálí amlodipine tí wọ́n mú wá láti ilé wò, ó sì kọ èyí tó máa gbé wọn dé ilé. Ẹ má gbàgbé páálí yẹn bí ẹ bá ń mú òbí yín lọ. Láìsí i, ìbéèrè á pọ̀.

Ní ti owó, wọ́n máa ń kọ iye sí gbangba, ó sì lè ju dọ́là 100 lọ fún ẹni tí kò ní inṣọ́ránsì. Owó àyẹ̀wò àti ti oògùn lè wà lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ béèrè kí wọ́n tó fi òwú kan ọ̀fun.

Àpólò, etí dídùn, làpálàpá, ìtọ̀ tó ń ta obìnrin, abẹ́rẹ́ àjẹsára: ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun, wọn kì í sì í rán ojú ọgbẹ́ tó là. Urgent care, ilé ìtọ́jú kíákíá tó ju ti fámásì lọ, ni ẹ ó gbé ìyẹn lọ. MinuteClinic kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ti sọ láti 2006 pé kò yẹ kí ibẹ̀ rọ́pò dókítà tó mọ ọmọ yín, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ilé ìtajà lè pa á tì nígbàkígbà pẹ̀lú: ilé ìtajà ńlá Walmart bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2019, ó sì kéde ní 2024 pé òun máa ti gbogbo ilé ìtọ́jú 51 tí òun ní pa.

Ó wá ku ibà. Ọkọ mi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ nílé. Nígbà tó dé, kò pẹ́ tí orí fi ń fọ́ ọ, tí ó sì ń gbọ̀n. Àsìkò òtútù ni, a rò pé flu ni, a bá gba fámásì lọ. Nọ́ọ̀sì ti mú òwú àyẹ̀wò flu dání kó tó béèrè bóyá ó kúrò ní Amẹ́ríkà láìpẹ́. Bí ó ṣe gbọ́ Nàìjíríà ló gbé òwú náà sílẹ̀. Ó ní àwọn kò ní ohun tí àwọn lè fi yẹ ibà wò, ká gba ilé ìwòsàn ńlá lọ lójú ẹsẹ̀, ká má dé ilé. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi máíkírósíkópù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí falciparum, irú ibà tó pọ̀ jù nílé wa tó sì lè pa èèyàn kíákíá. Coartem ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì ló máa béèrè. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ni wọ́n ń rí ibà lára wọn lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ló sì ti Áfíríkà dé. A máa ń sọ pé ibà kò jẹ́ nǹkan kan, pé a ti jẹ ẹ́ láti kékeré. Ara tó ti pẹ́ lókè òkun ti gbàgbé bó ṣe ń bá a jà, ọmọ tí a bí síbí kò sì mọ̀ ọ́n rí. Bí ara bá ń gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ dé láti ilé, ẹ fò fámásì, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá yín lóhùn pé Nàìjíríà lẹ ti dé. Láti 1986 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó Medicare, inṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, láti yẹ yín wò ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ ní inṣọ́ránsì, ẹ kò ní. Ìwé owó á dé lẹ́yìn náà, ó sì lè wúwo. Ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó kí ẹ tó san ohunkóhun.