Oṣù Mẹ́ta Pẹ̀lú Linux Mint ní Ṣọ́ọ̀bù Ìtẹ̀wé Wa

Kọ̀ǹpútà méjì ni mo fi ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà nítòsí Sábó, ní Ìkòròdú. Nígbà tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì kò lè gba Windows 11, nítorí pé kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè, owó kọ̀ǹpútà tuntun kò sì sí nílẹ̀. Mo wá gbé Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní Xfce, nítorí pé òun ló fúyẹ́ jù nínú mẹ́ta tí wọ́n ń gbé jáde, 4GB RAM péré sì ni ẹ̀rọ náà ní.

Fáìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, nítorí náà òru ni mo gbà á, nígbà tí dátà dínwó. Mo kọ ọ́ sórí fláàṣì, mo sì ti inú fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, tí mo fi rí i pé Wi-Fi ń mú, ohùn sì ń jáde, kí n tó pa Windows rẹ́ rárá.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Microsoft Office tí a máa ń gbé sórí kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀dà fún Linux. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́, ló wà níbẹ̀, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Ní ti irú lẹ́tà (font), Carlito ló máa ń gba ipò Calibri, Liberation Serif sì ń gba ipò Times New Roman, àwọn lẹ́tà wọn sì fẹ̀ bákan náà, débi pé ìlà kì í sábà yẹ̀. Àtẹ àti àwòrán ni kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá nígbà tó ku ọ̀la kó fi sílẹ̀: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dúró déédéé, ṣùgbọ́n àtẹ kan ní orí kẹrin ti já sí méjì. Kọ̀ǹpútà kejì, tó ṣì ń lo Windows, ni mo fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá jẹ́ pé fáìlì ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ di Linux.

Tó bá jẹ́ ìwé tí èmi fúnra mi tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá ètò ìsìn ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ ní Yorùbá, Mint ni mo yàn. Yorùbá wà nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù tó ń bá a wá, lábẹ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bọ́tìnì Compose ló mọ́ mi lọ́wọ́ jù: mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì ìyanu, mo tẹ e, ẹ sì jáde, bákan náà ni fún ọ àti ṣ. Lẹ́tà tó ń gba àmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀ ṣì ń jẹ mí lákòókò.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa tó ti gbó kò ní ètò tó lè bá Linux sọ̀rọ̀, nítorí náà PDF ni mo ń gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹ wo ti yín kí ẹ tó yí padà.

Ní ti ṣíṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kò sí ohun tí Xfce kì í jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Níbi tí mo ti ń gbé ọ̀pá ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà (panel) kiri ni mo ti pa á rẹ́ pátápátá. Mo sáré lọ sínú Timeshift, tó máa ń tọ́jú ipò tí kọ̀ǹpútà wà tẹ́lẹ̀, láìmọ̀ pé kì í fọwọ́ kan fáìlì inú ilé oníṣẹ́, tí í ṣe Home, àyàfi tí a bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ètò ọ̀pá náà wà. Ìrọ̀lẹ́ odindi kan ni mo fi ṣe òmíràn. Mo ṣe é bí ti Windows, débi pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lò ó fún ọjọ́ méjì kó tó bi mí léèrè ibi tí Word wà.