RAM, SSD, processor tàbí káàdì: èwo ni kí owó kékeré kọ́kọ́ rà fún kọ̀ǹpútà ẹ́díìtì?

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò kan tó ń ya fídíò ní Ìkẹ́rẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fájuyì níbí l'Adó. Ó ti kó owó jọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, káàdì graphics RTX 3060 ni mo fẹ́ rà. Ẹ bá mi wá ẹni tí kò ní gbówó lé e." Mo ní kó kọ́kọ́ ṣí iṣẹ́ ìsìnkú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, kí Task Manager, ojú ìwé tó ń fi bí apá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, jáde. Orin ń lọ, àwòrán dúró sójú kan. RAM: 7.6 nínú 8. Hard disk: 100%. Káàdì àtijọ́ tó fẹ́ gbé sọnù: 11%. Káàdì ń sùn, àwọn tó kù ń làágùn.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ ṣí iṣẹ́ tó wúwo jù lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo èyí tó kún dẹ́nu. Òun ni ẹ máa rà. Mi ò ní kọ iye náírà síbí o, torí iye tí oníṣọ́ọ̀bù bá pè láàárọ̀ lè yí padà lálẹ́, bí dọ́là bá ṣe jí ni.

RAM tàbí SSD?

Ọmọ Èkìtì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí: odó ni. Bó ti wù kí apá ẹni tó ń gúnyán le tó, bí odó bá kéré, iṣu á máa fò sílẹ̀. 8GB ti kéré fún fídíò. 16GB á gbé 1080p dáadáa, á sì gbé 4K tí kò ní wàhálà. 32GB ni kí ẹ máa lé bí ẹ bá ń lo After Effects, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àràbarà sínú fídíò. Ẹyọ 8GB méjì sàn ju ẹyọ 16GB kan lọ, torí ọ̀nà méjì ni processor á máa gbà mú dátà. Àfi bí bọ́ọ̀dù yín (motherboard, èyí tí RAM àti processor ń jókòó lé) bá ní ihò méjì péré, tí ẹ sì mọ̀ pé 32GB lẹ ń lọ. Láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń gun òkè, torí àwọn ilé-iṣẹ́ AI ń kó o lọ rẹpẹtẹ, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù tòkunbọ̀ níbí. DDR4 (irú RAM tó ṣáájú DDR5) tòkunbọ̀ tó bá yege nínú MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, kò yàtọ̀ sí tuntun lójú tèmi.

Ní ti SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú bíi hard disk, irú méjì ló wà, NVMe àti SATA. Wọ́n á sọ fún yín pé NVMe ni kí ẹ rà, pé ó ń sáré dé 3,500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí SATA kò kọjá 550. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ́. Fídíò 4K tí kámẹ́rà kọ ní 100Mbps, 12.5MB péré ló ń béèrè ní ìṣẹ́jú-àáyá (Mb mẹ́jọ ló wà nínú MB kan). Nígbà tí mo fi kámẹ́rà mẹ́ta ya Ùdírókò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ kò tó 40MB. SATA á gbé e, á tún máa súfèé. Kódà hard disk tó ń yí, tó ń sá bí 150MB, ìbá gbé e, bí kì í bá ṣe pé orí rẹ̀ ní láti máa fò láti fáìlì kan sí òmíràn. Fífò yẹn ló ń pa á. Bí ẹ bá kúrò lórí hard disk bọ́ sí SATA SSD, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà gan-an. Láti SATA bọ́ sí NVMe, ojú lásán lè má rí i. Bí iye owó wọn bá súnmọ́ra, tí bọ́ọ̀dù yín sì ní ihò M.2 tí NVMe ń wọ̀, ẹ gbé NVMe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ìyókù owó kún RAM. SSD tòkunbọ̀ ni èmi kì í rà, torí kíkọ nǹkan sí i ló ń gbó o.

Ẹ pààrọ̀ processor nìkan, àbí ẹ tún ilé kọ́?

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹni tó ní processor AMD, Ryzen 5 1600 tàbí 2600, lórí bọ́ọ̀dù AM4 (orúkọ ihò processor rẹ̀) rí i ṣe: á fi Ryzen 5 5600 rọ́pò rẹ̀, core mẹ́fà, thread méjìlá, 65W, tí AMD gbé jáde ní $199 ní 2022. Bọ́ọ̀dù kan náà, RAM kan náà. AM5, ihò AMD tó tẹ̀lé e, ńkọ́? Bọ́ọ̀dù tuntun, DDR5 tuntun, processor tuntun: owó mẹ́ta. Fún ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ẹ ṣáà ṣe BIOS update (BIOS ni ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) kí ẹ tó yọ processor àtijọ́, kó sì jẹ́ pé orí ínfátà ni kọ̀ǹpútà wà, torí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá.

Ẹni tó ní Intel ìran kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án kò ní irú oríire yẹn. Bọ́ọ̀dù wọn kò gba ìran kẹwàá. Bó bá ti di pé ẹ máa ra bọ́ọ̀dù, i5-12400 ni mo máa ń júwe, lórí bọ́ọ̀dù tó gba DDR4, kí RAM yín má ṣòfò. Ẹ ṣọ́ra fún 12400F. F yẹn ń sọ pé kò sí graphics nínú rẹ̀, Quick Sync, apá inú graphics náà tó ń ṣí fídíò, kò sì sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín, ṣùgbọ́n fún oníṣẹ́ fídíò, ẹran inú ọbẹ̀ ni wọ́n yọ.

Ìdí rèé. Kámẹ́rà bíi Sony A7 IV lè kọ fídíò 10-bit 4:2:2, èyí tí àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ti 8-bit lásán lọ. Bó bá jẹ́ H.265 (ọ̀nà tí kámẹ́rà fi ń fún fídíò pọ̀), èyí tí Sony ń pè ní XAVC HS, Quick Sync ti Intel láti ìran kọkànlá ń ṣí i wẹ́rẹ́ nínú Premiere, ètò tí a fi ń gé fídíò. RTX 3060 kò lè ṣí i, 4060 náà kò lè ṣí i. Ìran RTX 50 tó jáde ní 2025 ni NVIDIA ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí. Fún irú fídíò yìí, i5-12400 tí kò ní káàdì kankan lè máa lọ geere níbi tí 5600 tó gbé RTX 3060 dání ti ń mí hẹlẹ. Bó bá jẹ́ XAVC S 4:2:2 lẹ ń yà, H.264 nìyẹn, Quick Sync kò lè ṣí i, ẹ yí i sí HS nínú kámẹ́rà. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń ya 8-bit lásán, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí.

Káàdì

RTX 3060 jáde ní 2021, ó ní memory 12GB, ó ń jẹ 170W. RTX 4060 jáde ní 2023, 8GB, 115W. Ẹni tó ń lo DaVinci Resolve, ètò ẹ́díìtì mìíràn, tó ń fọ fídíò tí wọ́n yà lókùnkùn, 12GB á wúlò fún un. Ẹni tó ń fi ínfátà ṣiṣẹ́ mọ́jú, 4060 ni kó gbé. Ẹ ṣọ́ra, 3060 oní 8GB wà lọ́jà, òun kọ́ ni mò ń wí.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ra GTX 1050 Ti kan ní Èkó, wọ́n fi wébílì gbé e wá. Páálí rẹ̀ ń dán. Ihò VGA tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, torí káàdì ìran yẹn kì í sábà ní in. Mo ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó kọ FAKE gàdàgbà síwájú orúkọ rẹ̀. Káàdì ìgbà láéláé ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Nọ́ńbà ẹni tó tà á fún mi kò lọ mọ́ títí dòní. Àtìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ tà fún mi á fi fídíò GPU-Z ránṣẹ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

Power supply: NVIDIA ní 550W ni kó gbé méjèèjì. Èyí tó bá inú àpótí olówó pọ́ọ́kú wá, tí wọ́n lẹ "500W" mọ́, ẹ má gbé káàdì lé e.

Àbúrò Ìkẹ́rẹ́ ra 8GB méjì àti SATA SSD 500GB. A tún ṣe proxy fún iṣẹ́ ìsìnkú náà, ìyẹn ẹ̀dà fídíò kéékèèké tí Premiere á máa lò títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde. Ó tẹ Task Manager fúnra rẹ̀. RAM: 11 nínú 16. Díìsìkì: 4%. Káàdì: 38%.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, káàdì ti jí o." Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, Ryzen 5600 ló ń wá fún un báyìí.